Táábù Tí Kò Ní Páálí

"Màámi, ẹni tó na Bàbá Kékeré àti ẹni tó purọ́ mọ́ wọn, èwo ló nà wọ́n jù?"

Àdúràgbèmí, ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́jọ, ló béèrè rẹ̀ lálẹ́ òní nígbà tí a jókòó ti oúnjẹ. Kò pariwo. Ó kàn gbé ṣíbí sílẹ̀, ó wo ojú mi.

Bàbá rẹ̀ gbé ife omi, kò mu ún, ó tún gbé e padà. Àbúrò bàbá rẹ̀, tí à ń fi ṣíbí bu ẹ̀kọ mímu sí lẹ́nu nítorí pé àgbọ̀n rẹ̀ kò tíì lè jẹ ohun líle, yí ojú sí ògiri. Èmi ń wo àwo mi.



Ẹ̀yin tí ẹ máa ń ka ìwé ìròyìn yìí, mo ń kọ èyí sí yín nítorí ìbéèrè náà kò jẹ́ kí n lè sùn. Mo mọ ìdáhùn rẹ̀. Mo rò pé ọmọ náà pàápàá mọ̀ ọ́n.

Nọ́ọ̀sì ni mí ní Ṣakí. Ọkọ mi, Adéwùmí, òṣìṣẹ́ ìjọba ni ní Ìsẹ́yìn, òpin ọ̀sẹ̀ ló sì máa ń wálé bí iṣẹ́ bá gbà á láyè. Ọmọ méjì la bí: Àdúràgbèmí, àti Bólúwadúró tó ṣì ń rákòrò. Ayọ̀bámi ni àbúrò ọkọ mi. Ó ń gbin iṣu àti àgbàdo ní Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí.

Ẹ mọ̀ pé ìyàwó kì í pe ọmọ tó bá nílé ọkọ lórúkọ. Ọdún tí mo wọlé, mo rí i tó ń fi omi pa irun rẹ̀ níwájú dígí bí ẹni tó fẹ́ lọ gba ipò, mo sì sọ ọ́ ní Gbájúmọ̀. Láti ìgbà náà, orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́ kò jáde lẹ́nu mi, títí di Sátidé tí mo fẹ́ sọ fún yín yìí.

Abẹ̀rù ni mí. Mo ti rí bẹ́ẹ̀ látìgbà tí mo ti bí ọmọ. Bí aláboyún bá ń rọbí níwájú mi, etí mi kan á wà lọ́dọ̀ rẹ̀, èkejì á wà lójú títì tí Àdúràgbèmí ń gbà bọ̀ láti iléèwé. Ẹ̀yin náà ń gbọ́ ohun tí à ń gbọ́ lójú ọ̀nà wa láyé ìsinsìnyí.

Nígbà tí iléèwé ní kí òbí ra táábù fún àwọn ọmọ nítorí ẹ̀kọ́ ìṣirò àti ìwé kíkà tó wà lórí rẹ̀, àwọn òbí mìíràn ń ráhùn. Inú mi dùn ní tèmi. Mo ti gbọ́ pé áàpù kan wà tí ìyá lè fi rí ibi tí ọmọ rẹ̀ wà lórí fóònù tirẹ̀.

Mo mú ọmọ mi lọ sí ṣọ́ọ̀bù Débọ́lá. Ọ̀rẹ́ mi ni, a jọ ń kọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì, fóònù ló sì ń tà. Ó gbé táábù dúdú kékeré kan kalẹ̀, páálí rẹ̀ ṣì wà ní títì pa.

"Èyí mà kéré," mo ní.

"Ó kéré, àmọ́ tuntun ni. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ló fẹ́ lò ó, kì í ṣe ilé sinimá. Bátìrì rẹ̀ á gbé e dé alẹ́, àyè wà nínú rẹ̀ fún áàpù, bí ó bá sì já bọ́, á dìde."

"Ó rí bí síléètì."

Débọ́lá rẹ́rìn-ín. "Ọ̀rẹ́ mi, mo mọ̀ ọ́. Ohun tó ń dán lo fẹ́. Bí o bá máa ra àlòkù, wo orúkọ tó wà nínú rẹ̀ kí o tó wo ẹwà rẹ̀. Bí orúkọ ẹlòmíràn bá wà nínú rẹ̀, tí kò sì ní páálí, sá."

Mo ní kó bá mi tọ́jú síléètì rẹ̀, pé màá padà wá.

A gba gárèèjì lọ sílé. Ọkùnrin kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Àríyọ̀. Ó ń bá àwọn èèyàn fi iná sí fóònù lábẹ́ igi máńgòrò. Ojú lásán la fi mọ ara wa.

"Àǹtí Nọ́ọ̀sì! Ẹ wá wo ohun tí Ọlọ́run fi pamọ́ dè yín."

Inú àpò ìrẹsì ló ti fà á yọ. Ó fẹ̀, ó fẹ́lẹ́, ó funfun bí ṣíbí tuntun, awọ pupa kan sì wà lára rẹ̀ bí ìwé Bíbélì ìyàwó pásítọ̀. Nígbà tí iná rẹ̀ tàn, Àdúràgbèmí di aṣọ mi mú.

"Ta ló ni ín?" mo béèrè.

"Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó ń gbé ní Kútọnu. Ó ti ra òmíràn."

"Páálí rẹ̀ ńkọ́?"

"Ẹ̀yin náà! Ìyàwó tó bá rẹwà, ta ló tún ń béèrè àpótí tó gbé wá sílé ọkọ?"

Mo bú sẹ́rìn-ín. Mo gbọ́ ohùn Débọ́lá létí mi ketekete, mo ṣe bí ẹni pé ariwo mọ́tò ni. Iye tó pè é kò ju ti síléètì Débọ́lá lọ, mo sì san án.

Àdúràgbèmí ti gbà á, ó ti ń tẹ̀ ẹ́ kiri. Ó gbé e sókè, ó ní, "Màámi, ẹ tún rẹ́rìn-ín!" Ó sì ya wá, èmi àti Àríyọ̀.

Ojú Àríyọ̀ yí padà. "Pa á rẹ́! Pa á rẹ́ kíá! Èmi kì í ya fọ́tò."

"Ẹ̀rù ẹwà yín ló ń bà yín?" mo fi ṣe yẹ̀yẹ́.

Kò rẹ́rìn-ín. Ó dúró lé ọmọ náà lórí títí tó fi tẹ nǹkan kan tó sì ní òun ti pa á rẹ́. Ìgbà náà ló tó sọ nọ́ńbà tí wọ́n fi ń ṣí i fún mi.

"Ohun kan ló kù, Àǹtí. Lokéṣọ̀n rẹ̀ yìí, ẹ má tàn án o. Ó máa ń jẹ bátìrì bí màlúù ṣe ń jẹ ewé àgbàdo."

Nígbà tí a délé tí a ṣí i, ojú obìnrin kan wà ní igun rẹ̀ lókè, ó wé gèlè aláwọ̀ sánmà, ó ń rẹ́rìn-ín.

"Màámi, ta nìyí?"

"Àwọn tó ṣe táábù ló fi àwòrán síbẹ̀."

"Wọ́n kọ Sodiqat síbẹ̀."

"Orúkọ táábù náà ni."

Ọmọ náà wò mí, ó gbà á nítorí pé èmi ni mo sọ ọ́. Ọkọ mi pè láti Ìsẹ́yìn lálẹ́ ọjọ́ náà. "Ṣé ó ní páálí?" ló kọ́kọ́ béèrè. Mo ní ó ní.

Mo jókòó, mo ń ṣa áàpù bí ẹni ń ṣa òkúta kúrò nínú ẹ̀wà. Mo mú èyí tó ń ka àlọ́ ní Yorùbá. Mo mú ti ìṣirò tí kò ní ìpolówó tẹ́tẹ́ nínú. Mo fi ayò dráàfù sí i nítorí ó ń kọ́ ọmọ ní ìrònú. Mo wá fi èyí tó jẹ mí lógún jù sí i, áàpù tí yóò máa fi ibi tí ọmọ mi wà hàn mí.

Áàpù náà ní kí n tan lokéṣọ̀n kó lè mọ ibi tí táábù wà.

Mo rántí Àríyọ̀. Mo sọ lọ́kàn mi pé, bátìrì ni, kì í ṣe ẹ̀jẹ̀. Mo tàn án.

Lọ́jọ́ kejì, mo wà lẹ́nu iṣẹ́, mo rí àmì kékeré kan lórí fóònù mi tó kúrò níléèwé, tó gba ẹ̀gbẹ́ ọjà, tó yà sí àdúgbò wa, tó dúró nínú ilé mi. Mo fi ìka kàn án bí ẹni ń fọwọ́ pa orí ọmọ. Omijé bọ́ lójú mi. N kò mọ̀ pé ẹlòmíràn náà ń wo táábù kan náà lórí fóònù tirẹ̀.

Ní Sátidé, Gbájúmọ̀ gun ọ̀kadà rẹ̀ dé láti oko. Ó gbé iṣu wá, ó sì gbé ọ̀yà ńlá kan tó ṣá ní àárín ebè.

"Ìyàwó wa, ẹ bá mi sọ eléyìí di ọbẹ̀ o. Ó fẹ́ gé mi jẹ ni kí n tó gé e."

"Ẹ kú ewu, Gbájúmọ̀. Ẹ jókòó kẹ́ ẹ sinmi."

Ó so àdá rẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn ọ̀kadà bó ṣe wà, ẹ̀jẹ̀ sì ti gbẹ mọ́ ọn. Ó jókòó sábẹ́ ọdán iwájú ilé, Àdúràgbèmí gbé táábù lé e lọ́wọ́ kí wọ́n jọ ta ayò.

"Bàbá Kékeré, ẹ ń yàn mí jẹ!"

"Èmi kẹ̀? Ìka mi ló tóbi ju ilé ayò lọ."

Mo pọn Bólúwadúró sẹ́yìn, mo lọ sí ilé ìdáná ẹ̀gbẹ́ ilé, mo ń fi iná jó irun ọ̀yà náà. Mo ń gbọ́ ẹ̀rín wọn.

Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ ọ̀kadà. Kì í ṣe ọ̀kan. Wọ́n ń rọ́ wọlé bí òjò orí páànù.

Àwọn ọdẹ tó ń ṣọ́ ìlú wà nínú wọn pẹ̀lú ìbọn. Àwọn ọ̀dọ́ tó gbé kùmọ̀ ló pọ̀ jù. Ọkùnrin kan ṣíwájú, Tàófíìkì lorúkọ rẹ̀, ó tẹ ojú mọ́ fóònù bí ẹni ń tọ ipasẹ̀ ẹran.

"Ibí ni! Inú ilé yìí gan-an ni!"

Ó gbé orí sókè. Ó rí táábù tó ní awọ pupa lọ́wọ́ Gbájúmọ̀.

Kò béèrè ohunkóhun. Ó fi bàtà gbá a lẹ́nu. Gbájúmọ̀ ṣubú sẹ́yìn tòun ti àga, táábù fò sínú iyanrìn. Kó tó lè dìde, kùmọ̀ ti bà lé èjìká rẹ̀, òmíràn ti bà lé orúnkún.

"Ìka ẹ̀gbọ́n mi dà?" Tàófíìkì ń ké. "Ìka Sodiqat dà? Níbo lẹ kó o sí?"

Nígbà tó dárúkọ náà, mo rántí obìnrin tó wé gèlè aláwọ̀ sánmà. Láti inú igbe rẹ̀ ni mo ti gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀. Àwọn ọlọ́ṣà dá mọ́tò Sodiqat dúró nígbà tó ń bọ̀ láti Òkèhò. Ó di báàgì tí táábù rẹ̀ wà nínú rẹ̀ mú, wọ́n sì fi àdá gé e kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ tòun ti ìka.

"Ẹ gbọ́ mi! Àgbẹ̀ ni mí!" Gbájúmọ̀ ń sọ, ẹ̀jẹ̀ ń yọ láàárín eyín rẹ̀.

"Àgbẹ̀ tó ń kórè ìka!" ẹnì kan dáhùn. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n sì tún lù ú.

Ọ̀kan nínú wọn ti rí ọ̀kadà. Ó tú àdá sílẹ̀, ó gbé e sókè kí gbogbo èèyàn lè rí i. "Ẹ̀jẹ̀ rèé! Ẹ̀jẹ̀ rèé lára rẹ̀!"

"Ẹ̀jẹ̀ ọ̀yà ni!" Gbájúmọ̀ gbìyànjú láti nàka. "Ẹ bi Ìyàwó wa! Ọ̀yà náà wà lọ́wọ́ wọn!"

Gbogbo ojú yí sọ́dọ̀ mi.

Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná. Ògiri kékeré kan dé mi ní àyà, wọn kò rí ọwọ́ mi. Ọ̀yà náà wà lọ́wọ́ mi lóòótọ́. Ìrù rẹ̀ ni mo dì mú, ó ṣì gbóná. Ohun tó yẹ kí n ṣe kò ju pé kí n gbé ọwọ́ sókè lọ.

Ṣùgbọ́n mo mọ ìbéèrè tó kàn. Bí ẹ̀jẹ̀ bá jẹ́ ti ọ̀yà, táábù ńkọ́?

Mo rọra sọ ọ̀yà náà sínú bàsíà. Mo fi ọmọrí ìkòkò dé e.

Olórí àwọn ọdẹ náà, Baba Ládòkun, àgbàlagbà tó ní irùngbọ̀n funfun, dá ọwọ́ wọn dúró. Ó sún mọ́ mi. Ohùn rẹ̀ rọ̀.

"Ìyá ọmọ, ẹ má bẹ̀rù. Ẹ sọ òótọ́ fún mi. Ta ló gbé táábù yìí wọ ilé yìí?"

Bólúwadúró ń ké lẹ́yìn mi. Mo ro ohun tí wọ́n á ṣe fún èmi tó rà á. Mo ro iṣẹ́ mi. Mo ro ọmú tí ọmọ ẹ̀yìn mi ń mu. Mo ní lọ́kàn mi pé ọkùnrin ni Gbájúmọ̀, á fara da ìgbájú díẹ̀, bí inú wọn bá rọ̀, màá fa Baba Ládòkun sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, màá sì ṣàlàyé.

"Òun ni," mo ní.

"Kí lorúkọ rẹ̀?"

"Ayọ̀bámi."

Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí orúkọ náà jáde lẹ́nu mi. Mo pè é láti fi fà á lé wọn lọ́wọ́.

Gbájúmọ̀ gbọ́. Ó ti fi apá méjèèjì bo orí tẹ́lẹ̀. Ó yí ojú, ó wò mí, ó sì sọ apá rẹ̀ kalẹ̀, bí ẹni tí kò mọ ohun tó ń dáàbò bò mọ́.

Nọ́ọ̀sì ni mí. Mo mọ ìró egungun nígbà tó bá ń ṣẹ́, ó dà bí igi gbígbẹ. Mo gbọ́ ti àgbọ̀n rẹ̀. Ẹnì kan gun apá ọ̀tún rẹ̀, apá tó fi ń kọ ebè, ó fi gìgísẹ̀ tẹ̀ ẹ́ mọ́ òkúta títí tó fi dún. Wọ́n fi ìdí ìbọn gbá a ní etí, ẹ̀jẹ̀ sì tú jáde. Kò bẹ̀ wọ́n mọ́. Ohun tó ń jáde lẹ́nu rẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀.

Àwọn aládùúgbò ti kún ẹnu ọ̀nà. Àwọn tó ń jẹ iṣu rẹ̀ lọ́dọọdún wà níbẹ̀.

"Mo ti ń fura sí i," ni obìnrin kan ń wí.

"Kí wọ́n dáná sun ún! Bí ẹ bá gbé e fún ọlọ́pàá, á padà wá!"

Ẹnì kan yí táyà wọlé. Wọ́n tú epo jáde nínú ọ̀kadà Gbájúmọ̀ fúnra rẹ̀, wọ́n gbà á sínú ike omi, wọ́n sì dà á sí i lórí. Òórùn rẹ̀ gba gbogbo ilé.

Ó wù mí kí n sọ fún yín pé mo pariwo. N kò pariwo. Mo ya ẹnu, mo ní "Ẹ dúró," ohùn náà kò sì ju èyí tí mo fi ń rẹ ọmọ mi sùn lọ. Kò sí ẹni tó gbọ́.

Àdúràgbèmí ló jáde lábẹ́ ìdí táǹkì omi tó sá sí. Ó gba àárín ẹsẹ̀ àwọn ọkùnrin náà kọjá, ó gbé táábù kúrò nínú iyanrìn. Gíláàsì rẹ̀ ti fọ́, iná rẹ̀ ṣì ń tàn. Ó ń tẹ̀ ẹ́.

"Ẹ gbé ọmọ yìí kúrò níbẹ̀!"

"Màámi ló rà á!" ó kígbe. "Mo wà níbẹ̀! Mo ya wọ́n!"

"Pa ẹnu mọ́," mo ní. Ọlọ́run gbọ́ mi. Ohùn tí n kò rí lò fún àbúrò ọkọ mi, mo rí i lò fún ọmọ mi.

Ó sáré lọ bá Baba Ládòkun. "Bàbá, ọkùnrin yẹn ní kí n pa á rẹ́, mo sì pa á rẹ́, àmọ́ ohun tí èèyàn bá pa rẹ́ kì í lọ kíákíá. Ó máa ń wà níbi ìdọ̀tí rẹ̀. Ẹ wò ó! Ẹ wò ó!"

Baba Ládòkun gba táábù náà. Ó wo ibẹ̀ pẹ́. Ó gbé ojú sókè wò mí, ó tún wo ibẹ̀.

Mo mọ ohun tó ń rí. Èmi ni, lábẹ́ igi máńgòrò, mo ń rẹ́rìn-ín títí èrìgì mi fi hàn. Àríyọ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Táábù yìí kan náà ló ya wá.

Ẹnì kan ti ṣá ìṣáná.

Baba Ládòkun yin ìbọn sókè. Gbogbo ilé mì, Bólúwadúró dákẹ́ lójijì lẹ́yìn mi.

"Ẹni tó bá ju iná yẹn sílẹ̀," ó ní, "òun ni ọta kejì máa bá."

Tàófíìkì já táábù gbà. Ó fi fóònù rẹ̀ ya àwòrán Àríyọ̀, ó fi ránṣẹ́ sí Sodiqat lórí Wásáàpù ní ibùsùn rẹ̀. Ìdáhùn rẹ̀ dé ní ohùn, gbogbo wa la gbọ́ ọ.

"Òun ni! Tàófíìkì, òun ni! Òun ló di ọwọ́ mi mú tí èkejì fi gé e!"

Kùmọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ lọ́wọ́ àwọn ọmọkùnrin náà.

Baba Ládòkun wọ ilé ìdáná mi. Kò bá mi sọ̀rọ̀. Ó wo iná, ó wo bàsíà, ó ṣí ọmọrí ìkòkò. Ọ̀yà náà wà níbẹ̀, irun rẹ̀ jó dé ìdajì, ojú àdá ṣì hàn lọ́rùn rẹ̀.

Ó gbé e ní ìrù, ó jáde, ó gbé e sókè ní iwájú gbogbo èèyàn.

"Ẹ̀jẹ̀ ọ̀yà ni," ó ní. Ó wá yíjú sí mi. "Ìyá ọmọ, ẹran yìí wà lọ́wọ́ yín ni gbogbo àkókò yìí?"

Ọmọ mi ń wò mí. Àwọn aládùúgbò ń wò mí. Obìnrin tó ní òun ti ń fura sí i pàtẹ́wọ́, ó ní, "Há! Ìyàwó ilé!"

Gbájúmọ̀ kò wò mí ní tirẹ̀. Ó dùbúlẹ̀ nínú epo, ojú rẹ̀ wà ní òkè.

Ìdajì àwọn èèyàn náà gun ọ̀kadà, wọ́n sáré lọ sí gárèèjì. N kò ní sọ gbogbo ohun tí wọ́n fi ojú Àríyọ̀ rí kí ọlọ́pàá tó gbà á lọ́wọ́ wọn. Wọ́n gbé e wá sí ilé ìwòsàn kan náà tí a gbé Gbájúmọ̀ lọ. N kò bá ti mọ̀ ọ́n bí kì í bá ṣe ẹ̀wù rẹ̀. Kùmọ̀ tó lu aláìṣẹ̀ náà ló lu ẹlẹ́ṣẹ̀, inú mi kò sì dùn sí ìyà ẹlẹ́ṣẹ̀ náà bí mo ṣe rò pé yóò dùn.

Tàófíìkì wá dọ̀bálẹ̀ lẹ́bàá ibùsùn Gbájúmọ̀. Ó sunkún bí ọmọdé. "Ẹ̀gbọ́n, ìka ẹ̀gbọ́n mi ló fọ́ mi lójú. Ẹ foríjì mí." Gbájúmọ̀ gbé apá tó kù fún un, ó fi kàn án lórí. Mo dúró níbẹ̀, mo di igo omi tí à ń fà sí i lára mú, n kò sì lè kúnlẹ̀.

Ọkọ mi dé láti Ìsẹ́yìn. Ó wo àbúrò rẹ̀ láti orí dé ẹsẹ̀. Mo rò pé yóò lù mí. Ó kàn béèrè pé, "Ṣé ó ní páálí?"

"Kò ní," mo ní.

Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú ilé ìwòsàn, ó fi ọwọ́ méjèèjì bo ojú.

Ẹ̀yin ìyá bíi tèmi, bí ẹ bá ń ra táábù fún ọmọ, ẹ wo orúkọ tó wà nínú rẹ̀, ẹ béèrè páálí rẹ̀, síléètì kékeré tó mọ́ sàn ju èyí tó ń dán lọ. Èyí ni Débọ́lá sọ fún mi, òótọ́ sì ni. Ṣùgbọ́n kì í ṣe táábù ló fọ́ àgbọ̀n àbúrò ọkọ mi. Mo ṣa áàpù tí yóò máa sọ òótọ́ fún mi nípa ibi tí ọmọ mi wà. Nígbà tí wọ́n béèrè òótọ́ lọ́wọ́ èmi, ẹ ti gbọ́ ohun tí mo sọ.

Gbájúmọ̀ ti wà nílé wa láti ìgbà tí wọ́n ti dá a sílẹ̀ ní ilé ìwòsàn. Etí òsì rẹ̀ kò gbọ́ràn mọ́. Dókítà kò tíì mọ̀ bóyá apá ọ̀tún á tún lè gbé ọkọ́. Láti ọjọ́ náà, kò bá mi sọ̀rọ̀, kò sì sùn lóru. Bí ọ̀kadà kan bá kọjá lójú títì, á fi apá bo orí, àti èyí tí dókítà fi símẹ́ǹtì dì. Ọkọ mi, tó ti gba ìsinmi lẹ́nu iṣẹ́, á jókòó tì í. Àdúràgbèmí náà á dìde, á jókòó ti àwọn méjèèjì. Bí ilé wa ṣe máa ń rí títí ilẹ̀ á fi mọ́ nìyẹn.

Lálẹ́ òní, lẹ́yìn tí ìbéèrè ọmọ mi ti wà nílẹ̀ tí ẹ̀kọ mímu fi tutù, mo gbé ojú kúrò nínú àwo.

"Èmi ni," mo ní. "Èmi ni mo nà wọ́n jù."

Àdúràgbèmí gbé ṣíbí rẹ̀. "Ó dáa," ó ní, ó sì ń jẹun lọ.

Nígbà tí wọ́n tẹ́ ẹní sí pálọ̀ bí ìṣe wọn, ọ̀kadà kan kọjá. Apá Gbájúmọ̀ gòkè.

Mo gbé àga mi, mo gbé e sí ìdí ilẹ̀kùn, mo jókòó, mo fi ẹ̀yìn ti ilẹ̀kùn náà.

"Ẹ sùn," mo sọ fún un láti apá ibi tí etí rẹ̀ ti ń gbọ́. "Bí ẹnikẹ́ni bá wá, èmi ni wọ́n máa kọ́kọ́ bá. Èmi ni màá dá wọn lóhùn."

Ó wò mí pẹ́. N kò bẹ̀ ẹ́ pé kó dárí jì mí, òun náà kò sì sọ pé òun dárí jì mí. Ó rọra fi orí lélẹ̀. Ẹnu rẹ̀ kò là dáadáa, ọ̀rọ̀ náà sì pẹ́ kó tó jáde.

"Ìyàwó wa. Ẹ̀fọn wà níbẹ̀ o. Ẹ bo ẹsẹ̀ yín."

Mo fi ìró bo ẹsẹ̀. Mo gbé ìwé lé orúnkún, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ èyí sí yín.

Bólúwadúró ló kọ́kọ́ sùn, ó fi ìka sẹ́nu. Àdúràgbèmí tẹ̀lé e, ó gbé ẹsẹ̀ lé bàbá rẹ̀ níkùn. Ọkọ mi jà á títí, oorun sì gbé e.

Ọ̀kadà kan ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá báyìí. Iná rẹ̀ gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé, ó yí lára ògiri, ó lọ. Mo wo apá Gbájúmọ̀.

Kò gòkè. Imú rẹ̀ tí wọ́n fọ́ ń fọn bíi fèrè. Gbogbo wọn ti sùn.